Àpòlúkù, Abẹ àti Iye: Bí Wọ́n Ṣe Mọ̀ Pé Ilé Ìwòsàn Kan Kò Dọ́gba Pẹ̀lú Èkejì

Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú ògiri àpòlúkù jinlẹ̀, oògùn nìkan kì í sábà wò ó. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní láti gé apá kan àpòlúkù tàbí gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ó kó àwọn kókó kéékèèké tó yí i ká, tí wọ́n ń pè ní lymph node, níbi tí jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ tàn dé, kí ó sì rán ìyókù mọ́ ìfun kí oúnjẹ lè rí ọ̀nà gbà. Iṣẹ́ náà gba wákàtí púpọ̀, ewu rẹ̀ kò sì tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán ikùn pa. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti rí ìyè nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti bá a lọ. Ó pẹ́ kí àwọn dókítà tó gbà pé ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti iye ìgbà tí wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ lọ́dún, wà lára ohun tó ń pín àwọn méjèèjì níyà.

Ìgbìyànjú mẹ́ta àkọ́kọ́ tẹ̀léra wọn láàárín ọdún méjì. Ní 1879, Jules Péan gé apá ìsàlẹ̀ àpòlúkù aláìsàn kan ní Paris; ẹni náà kú ní ọjọ́ karùn-ún. Ní 1880, Ludwik Rydygier dán an wò ní Chełmno, ìlú kan tó wà ní Pólàńdì lónìí. Kò pé wákàtí 12 tí aláìsàn rẹ̀ fi kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, ọdún 1881, Theodor Billroth ṣe é fún obìnrin ẹni ọdún 43 kan ní Vienna, obìnrin náà dìde lórí ibùsùn, ó jẹun, ó sì padà sílé. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ tó ti dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n ayé ìṣègùn ti rí i pé èèyàn lè yè lẹ́yìn irú abẹ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sábà máa ń ròyìn ọjọ́ yẹn bí ẹni pé ìgboyà Billroth nìkan ló ṣe é. Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mélòó kan ṣáájú, Carl Gussenbauer àti Alexander von Winiwarter, tí wọ́n jẹ́ igbákejì rẹ̀, ti ń gé àpòlúkù ajá, wọ́n ń rán an pọ̀, wọ́n ń wo èyí tó jò àti èyí tó jinná. Wọ́n tún yẹ àkọsílẹ̀ àwọn òkú tí wọ́n ti là wò ní Vienna láti mọ iye àwọn tí jẹjẹrẹ kò tíì kúrò nínú àpòlúkù wọn nígbà tí wọ́n kú, nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni abẹ ì bá ti gbà là. Billroth fúnra rẹ̀ ti fi ìwà kan tó ṣọ̀wọ́n hàn nígbà tó wà ní Zurich: gbogbo èsì iṣẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ jáde, àwọn tó kú pẹ̀lú àwọn tó yè. Ìlú Zurich yìí náà ni Carl Schlatter ti kọ́kọ́ gé odindi àpòlúkù kúrò ní 1897, tí aláìsàn náà sì lò ju ọdún kan lọ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, tó ń kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, tó sì ń dán iṣẹ́ wò kí ó tó fi kan èèyàn, ni abẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kò dúró síbẹ̀. Oògùn tó ń kun èèyàn lóorun ti wà láti 1846, Joseph Lister sì ti fi ọ̀nà tí a fi ń pa kòkòrò ojú ọgbẹ́ han ayé ní 1867. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé ìwòsàn èyíkéyìí tó bá ní yàrá iṣẹ́ abẹ lè la ikùn. Dókítà ka ìwé, ó wo àwòrán, ó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mélòó kan gba ọ̀nà mìíràn. Ní Rochester, ìlú kékeré kan ní Minnesota, William àti Charles Mayo pín iṣẹ́ láàárín ara wọn nílé ìwòsàn St. Marys tó ṣí ní 1889. William gbájú mọ́ ikùn, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé aláìsàn tọ̀ ọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn dókítà láti ibi gbogbo ń lọ síbẹ̀ láti dúró wo ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi iye àwọn tó kú ní Rochester wé iye àwọn tó kú ní ìlú tó kù.

Ernest Amory Codman, oníṣẹ́ abẹ ní Boston, ni ó fẹ́ kí wọ́n wé e. Ohun tó ń béèrè fún kò ṣòro láti lóye: kí ilé ìwòsàn wá gbogbo ẹni tó tọ́jú rí lẹ́yìn ọdún kan, kí ó kọ ọ́ sórí káàdì bóyá ara onítọ̀hún yá, bí kò bá yá, kí ó kọ ohun tó fà á, bóyá àṣìṣe dókítà ni, bóyá àrùn ló le jù. Kí wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde fún aráàlú. Ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1911, ó sì tẹ èsì aláìsàn 337 jáde. Àṣìṣe 123 ló kà sí ara rẹ̀ àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ́rùn. Ní 1914, ó kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní Massachusetts General nítorí pé bí dókítà bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e ga níbẹ̀, wọn kì í wo èsì iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn kò sì lè ka ìtàn yìí kó má dùn ún, nítorí pé ìṣirò tí ì bá ti gba ẹ̀mí là kò nílò ẹ̀rọ kankan ju káàdì àti gègé lọ.

Láàárín ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi sùn, àrùn fúnra rẹ̀ ń yí padà. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ àpòlúkù wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń pa èèyàn jù ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Láti ìgbà náà ló ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní apá púpọ̀ ní Yúróòpù. Fìríìjì wọlé, oúnjẹ tí a fi iyọ̀ púpọ̀ pamọ́ dín kù, ilé mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kòkòrò Helicobacter pylori, tó wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, tí Robin Warren àti Barry Marshall ṣàwárí ní Perth ní Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2005, kò rí ibùgbé nínú ikùn àwọn ọmọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn kan tí kò hàn kíákíá: iye aláìsàn dín kù, iye ilé ìwòsàn tó ń ṣe abẹ náà kò dín kù. Dókítà tí ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe é lóṣooṣù bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún.

Ní Jàpáánù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn náà pọ̀ gan-an níbẹ̀, wọ́n sì gbógun tì í bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀tá ilé ni. Wọ́n ṣe kámẹ́rà tí èèyàn lè gbé mì láti ya inú àpòlúkù ní 1950. Ní 1960, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ X-ray bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ìgbèríko Miyagi láti yẹ àwọn tí ara wọn ṣì dá wò. Ní 1962, ilé iṣẹ́ ìjọba fún jẹjẹrẹ, National Cancer Center, ṣí ní Tokyo. Ní àkókò yẹn kan náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ wọn kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ ìwádìí kan, tí wọ́n sì fẹnu kò sórí ìlànà kan ṣoṣo: nọ́ńbà fún kókó kọ̀ọ̀kan tó yí àpòlúkù ká, orúkọ kan náà fún ìpele àrùn, ọ̀nà kan náà láti kọ àkọsílẹ̀. Abẹ tí wọ́n ń pè ní D1 ń kó àwọn kókó tó sún mọ́ àpòlúkù tímọ́tímọ́. D2 ń tẹ̀ síwájú dé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń bọ́ ọ. Ní ilé ìwòsàn bí èyí tó wà ní Tokyo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú abẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dún. D2 di ohun tí ọ̀dọ́ dókítà ń rí kó tó jẹun àárọ̀, àwọn aláìsàn wọn sì ń pẹ́ láyé ju ti Yúróòpù lọ.

Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ìwádìí tó wá jáde láti inú ìbéèrè náà ni ó fi iye iṣẹ́ hàn kedere nínú jẹjẹrẹ àpòlúkù ju èyíkéyìí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé e kalẹ̀ láti yanjú. Láti 1989 sí 1993, ilé ìwòsàn 80 ní Nẹ́dálándì pín aláìsàn wọn sí ọ̀nà méjì, D1 àti D2, láìṣe ojúsàájú. Mitsuru Sasako wá láti Tokyo láti kọ́ àwọn tó máa bójú tó D2. Nínú àwọn 711 tí ìrètí ìwòsàn pátápátá wà fún, 380 gba D1, 331 gba D2. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995, ìdá 4 nínú 100 ló kú nílé ìwòsàn lẹ́yìn D1. Lẹ́yìn D2, ìdá 10 ni. Ìṣòro lẹ́yìn abẹ bá ìdá 25 nínú ẹgbẹ́ kìíní, ó bá ìdá 43 nínú ẹgbẹ́ kejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tó jọ ọ́, tí aláìsàn 400 wà nínú rẹ̀, rí ikú ìdá 6.5 àti 13 nínú 100. Ọ̀pọ̀ parí èrò sí pé D2 kò yẹ ará Yúróòpù: wọ́n sanra ju àwọn ará Jàpáánù lọ, wọ́n dàgbà jù, ọkàn wọn kò lágbára tó.

Ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí wọ́n tètè ṣe. Bí a bá pín D2 331 sí ilé ìwòsàn 80, mẹ́rin péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin tí ìwádìí náà gbà, ìyẹn bí ẹyọ kan lọ́dún. Olùkọ́ láti Tokyo lè dúró ti àwọn àṣàyàn, kò lè dúró ti gbogbo ènìyàn. Kò sì lè dúró ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ aláìsàn náà lálẹ́ ọjọ́ kẹrin. Nínú ìwádìí méjèèjì, wọ́n tún sábà máa ń yọ spleen àti ìrù pancreas, ẹ̀yà ara méjì tó wà nítòsí àpòlúkù, mọ́ ọn nínú D2, nítorí ìgbàgbọ́ ìgbà náà pé àwọn kókó tó wà níbẹ̀ kò ṣeé kó lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé àfikún yìí ni ó fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ikú náà. Ọwọ́ tó ti mọ ibẹ̀ dáadáa lè kó àwọn kókó náà kí ó sì fi àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀rí tó tú àròyé nípa ara àwọn ará Yúróòpù ká wá láti Ítálì. Níbẹ̀, ilé ìwòsàn márùn-ún péré, tí wọ́n ti kọ́ abẹ náà dójú àmì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣe ìwádìí kan náà: ikú jẹ́ ìdá 3.0 nínú 100 lẹ́yìn D1 àti ìdá 2.2 lẹ́yìn D2. Ní Taiwan, níbi tí wọ́n béèrè pé kí dókítà ti ṣe abẹ gbòòrò náà ó kéré tán ìgbà 25 kó tó lè kópa, kò sí ẹnì kan tó kú nínú àwọn 221 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ní Jàpáánù fúnra rẹ̀, ìwádìí kan tó kan aláìsàn 523 ní ilé ìwòsàn 24 ní ikú ìdá 0.8 nínú 100 péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì wọn gba abẹ tó gbòòrò ju D2 lọ. Àwọn ará Nẹ́dálándì náà kò sì fi àwọn aláìsàn wọn sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún 15, ní 2010 wọ́n sì kéde pé ikú tí jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ fà jẹ́ ìdá 37 nínú 100 nínú àwọn tó gba D2, àti 48 nínú àwọn tó gba D1. Abẹ náà dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú nílé ìwòsàn lẹ́yìn rẹ̀ kú nítorí pé iṣẹ́ náà ṣàjèjì níbi tí wọ́n ti ṣe é fún wọn.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti gba ọ̀nà ìṣirò dé ibi kan náà. Ní oṣù kejìlá 1979, Harold Luft, John Bunker àti Alain Enthoven yẹ irú abẹ 12 wò ní ilé ìwòsàn 1,498. Fún abẹ ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀, àti àwọn mélòó kan mìíràn, ilé ìwòsàn tó ń ṣe 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ní ikú tó fi ìdá 25 sí 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tó kéré. Fún abẹ àpò òróòro, kò sí ìyàtọ̀. Àlàyé yìí ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo abẹ ni iye ń mú dára. Èyí tó le, tó sì ṣọ̀wọ́n, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ní 2002, John Birkmeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka mílíọ̀nù 2.5 iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà láàárín 1994 àti 1999. Fún pancreas, ikú jẹ́ ìdá 16.3 nínú 100 níbi tí wọ́n kì í ti í sábà ṣe é, àti 3.8 níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Ìyàtọ̀ ti àpòlúkù kò tó bẹ́ẹ̀: láàárín 2 sí 5 nínú 100. Ó dà bíi pé ó kéré títí èèyàn yóò fi rántí pé ènìyàn méjì sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, àti pé ibi tí wọ́n pè ní èyí tó ń ṣe é jù ní Amẹ́ríkà kò ṣe ju ogún àti díẹ̀ lọ́dún lọ.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà ni wọ́n wá lé kiri. Èrò àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ tó ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í tètè ṣi abẹ lò. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ní 2011, Amir Ghaferi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gé àpòlúkù, pancreas tàbí ọ̀nà ọ̀fun fún wò. Ìṣòro ńlá lẹ́yìn abẹ bá ìdá 42.7 nínú 100 ní ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ wọn kéré jù, ó bá ìdá 38.9 ní èyí tí iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ìṣòro bá, ìdá 30.3 ló kú níbi tí iṣẹ́ ti kéré, 13.1 níbi tó ti pọ̀. Ojú ìrán lè jò níbi gbogbo. Níbi kan, nọ́ọ̀sì tó ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà rí i pé ìmí aláìsàn náà ń yára, pé ọkàn rẹ̀ ń sáré, pé ibà díẹ̀ ti mú un. Ó pe dókítà lóru, wọ́n ya àwòrán ikùn, wọ́n fi rọ́bà fa omi tó kó jọ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ibùsùn sì wà nílẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà nínú ewu. Níbi kejì, wọ́n rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Iye tí wọ́n ń kà nílé ìwòsàn, tí àwọn kan rò pé ti ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ni, jẹ́ ti gbogbo ilé: ti yàrá àyẹ̀wò, ti àwọn tó ń kun èèyàn lóorun, ti ẹni tó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù láago mẹ́ta òru.

Àwọn ìjọba gbé ìgbésẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ síra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́sọ́nà ìjọba ti 2001 ní kí àwọn tó ń gé àpòlúkù àti ọ̀nà ọ̀fun máa ṣiṣẹ́ fún àgbègbè tí ènìyàn rẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù kan. Dẹ́nmákì ṣe é pẹ̀lú ìpinnu tó le jù: láti 2003, wọ́n dín ibi tí wọ́n ti ń ṣe abẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù kù láti 37 sí márùn-ún. Ikú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 8.2 sí 2.4 nínú 100. Iye àwọn tí wọ́n kó kókó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún, èyí tí ó pọn dandan kí wọ́n tó lè mọ ìpele àrùn dájú, gbéra láti ìdá 19 dé 67. Ní Nẹ́dálándì, wọ́n kọ́kọ́ fi òfin iye de abẹ ọ̀nà ọ̀fun ní 2006, wọ́n sì gbàgbé àpòlúkù. Èsì rẹ̀ hàn bí ọjọ́: láàárín 1989 àti 2009, ìdá àwọn tí wọ́n gé ọ̀nà ọ̀fun wọn ní ilé ìwòsàn tó ń ṣe ju ogún lọ lọ́dún gbéra láti 7 dé 64 nínú 100, ti àpòlúkù sọ̀ kalẹ̀ láti 8 sí 5. Ní 2012 ni wọ́n tó ní kí ilé ìwòsàn má ṣe é bí kò bá lè ṣe 10 lọ́dún, ní 2013 wọ́n gbé e dé 20.

Àríyànjiyàn kò tán lórí rẹ̀, àwọn tó ń jà fún ilé ìwòsàn kékeré kò sì jẹ̀bi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe mẹ́rin lọ́dún, ikú ẹnì kan ń mú kí ìṣirò dà bí àjálù, àìsí ikú kankan sì ń mú kí ó dà bí ìyanu. Iye kékeré kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí ilé ìwòsàn tó dára fa aláìsàn mọ́ra, kí iye rẹ̀ jẹ́ èsì ìwà rere rẹ̀ dípò kí ó jẹ́ ohun tó fà á. Ohun tó wúwo jù ni ọ̀nà jíjìn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, wọ́n bi ọgọ́rùn-ún aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà léèrè nípa abẹ jẹjẹrẹ pancreas: bí ewu ikú nítòsí ilé bá jẹ́ ìdá 6 nínú 100, tí ti ọ̀nà jíjìn sì jẹ́ 3, èwo ni wọ́n máa yàn? Ènìyàn 45 ló ní àwọn yóò dúró nítòsí ilé. Ìyàwó tàbí ọkọ tó lè wá jókòó ti èèyàn, ojú tí èèyàn mọ̀, owó ọkọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n tiwọn nínú ọkàn aláìsàn, ìjọba tó bá ti ilé ìwòsàn pa láìwá ọkọ̀ àti ibùgbé fún ẹbí kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sì tíì sí iye kan tí gbogbo ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni ewu ti ń pin. Ikú ń dín kù bí iye ti ń gòkè, láìsí àtẹ̀gùn kan tó dá yàtọ̀. Ìtọ́jú náà ti gbòòrò ju abẹ lọ: láti 2006, tí ìwádìí MAGIC jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Yúróòpù ń gba oògùn jẹjẹrẹ ṣáájú abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó gbé àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti ìdá 23 dé 36 nínú 100. Nítorí náà, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ti oògùn, ti àwòrán àti ti àyẹ̀wò ẹran ara ní láti jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kí abẹ tó kàn án. Ní Nẹ́dálándì, láti 2011, gbogbo ilé ìwòsàn tó ń gé àpòlúkù tàbí ọ̀nà ọ̀fun ní láti fi orúkọ abẹ, ìṣòro tó tẹ̀ lé e, iye kókó tí wọ́n kó àti ikú ránṣẹ́ sí ibi àkọsílẹ̀ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Èsì náà ń padà sọ́dọ̀ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tó dúró sí láàárín àwọn tó kù.